Láti Orí Lọ́rì Obì Dé Ọ̀dọ̀ Dókítà Tó Ra Ẹ̀rọ Alámí

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi kan wá kí mi ní Ibido níbí. Ó ti parí ilé ìwé, ó ń wá ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó jókòó, ó wo ẹsẹ̀ mi tó ti ń wú, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà yìí, ṣé iṣẹ́ gidi ni, àbí ohun tí èèyàn kàn fi ń ti ọjọ́ kí iṣẹ́ gidi tó dé?"

Mo rẹ́rìn-ín. N kò bínú, torí èmi náà ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ tèmi tán, kó wá fi òye ara rẹ̀ dáhùn. Ohun tí mo sọ fún un nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ bá a gbọ́.

Ràsákì ni orúkọ mi. Bàbá mi ń ta obì, ìyá mi ń ta obì, àwọn ẹ̀gbọ́n mi náà kò ta nǹkan mìíràn. Èmi nìkan ni obì kò yé. Bí wọ́n bá ní kí n ṣa èyí tó ti ń díbàjẹ́ kúrò, èyí tó dára gan-an ni n ó ṣà sọnù, torí ojú mi kò sí lára obì; ara ọkọ̀ tó wá kó o ló wà. Nígbà tó sú bàbá mi, ó mú mi lọ sí Makun, ó fi mí lé Alhaji Lámídì lọ́wọ́, ẹni tó ń wa lọ́rì obì láti Ṣàgámù lọ sí Kánò. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fò ó. Oúnjẹ wà, ibi ìsùn wà.

Alhaji ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Rẹ́mọ pọ́ńbélé ló ń sọ, kódà nígbà tó bá ń bá àwọn Hausa nájà. Èmi ń tún un sọ báyìí kí gbogbo yín lè gbọ́ ni.

Ẹ máa rò pé síárìn ni mo kọ́kọ́ dì mú. Rárá o. Wẹ́ẹ̀jì ni, igi ńlá tí a fi ń há ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó má baà yí padà lórí òkè. Bí lọ́rì bá ń gun òkè, tí ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, èmi ni n ó bẹ́ sílẹ̀, n ó máa sá tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì léjìká. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí èjìká mi fi yọ kókó. Nígbà tí mo bẹ Alhaji pé kó kọ́ mi ní ọkọ̀, ó ní, "Mo ti ń kọ́ ọ. Ìwọ ni o kò mọ̀."

Etí ni Alhaji kọ́kọ́ ń kọ́ mi. Bí a bá ń lọ, yóò kàn dédé bi mí pé, "Kí lo gbọ́?" Bí mo bá ní ẹ́ńjìnnì ni, yóò mi orí. "Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, adití pàápàá gbọ́ ọ. Mo ní kí lo gbọ́?" Ó di ìgbà tí mo bá dárúkọ okùn ẹrù tó ń dẹ̀, tàbí táyà tí òkúta há sí nínú, kí ó tó dákẹ́. Lẹ́yìn etí, ọwọ́ ló kàn. Níbikíbi tí a bá dúró, kí n tó mu omi, mo gbọ́dọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ kan gbogbo táyà láti mọ èyí tó gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí mo bá gbàgbé, ìdúró ni n ó wà jẹun lọ́jọ́ náà, nígbà tí gbogbo èèyàn jókòó.

Lọ́jọ́ kan, a rí Kánò lọ́ọ̀ọ́kán. Inú mi dùn, mo pariwo pé, "A ti dé!" Alhaji rọra pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ kí n wo nǹkan kan lábẹ́ ọkọ̀ ni. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹni tó ti dé kò nílò ọkọ̀ mọ́," ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi wọ ìlú. Nígbà tí mo dé ọjà obì, òógùn ti bò mí, wọ́n sì ti ń já ẹrù. Kò bá mi wí, kò sì wo ojú mi. Ó kàn tọ́ka sí agbọ̀n tí n ó gbé. Láti ọjọ́ náà di òní, n kì í sọ pé a ti dé títí ẹ́ńjìnnì yóò fi kú.

Ohun kan wà tí kò yé mi nípa Alhaji. Obì jẹ́ ohun abẹ̀mí. Inú agbọ̀n ni wọ́n ń dì í sí, wọ́n á fi ewé wé e yí ká, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lójú ọ̀nà, yóò gbóná láti inú, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Nítorí èyí, gbogbo awakọ̀ obì ló ń sáré bí ẹni tí ẹ̀mí àìrí ń lé. Alhaji kì í sáré. Wọ́n á kọjá wa, wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á fi wá rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, àwa ni a máa ń kọ́kọ́ dé Kánò.

Mo bi í pé, "Alhaji, kí ló dé tí a kì í sáré bí àwọn yòókù?"

Ó ní, "Obì kò ní ká sáré. Ó ní ká má dúró ni."

Lóòótọ́, kì í dúró. Àwọn tó sáré kọjá wa, a ó bá wọn níbi oúnjẹ, tí wọ́n ń ju ẹsẹ̀ sókè. A ó kọjá wọn. Wọ́n á tún sáré bá wa. A ó tún bá wọn lọ́dọ̀ arìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà. Nígbà náà, bí àwọn ọlọ́pàá bá wà níwájú, awakọ̀ tó ń bọ̀ yóò tan iná ojú ọkọ̀ rẹ̀ sí yín kí ẹ lè dẹ eré. Bí wọ́n bá tan án sí Alhaji, yóò gbé ọwọ́ sókè láti dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò ní fi ọwọ́ kan jíà, torí kò ní ohun tí yóò dínkù.

Mo di awakọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì ń pín ọ̀nà wà. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe máa lọ títí yóò fi darúgbó.

Ohun tó kàn yìí, n kì í sọ ọ́ púpọ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni. A ti kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, kùrukùru ọyẹ́ sì bo ojú títì débi pé ẹ kò lè rí igi tó wà ní ìta ọ̀nà. Irin tó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ró kán lójijì. Ẹrù pọ̀ lórí rẹ̀, a kò lè tì í kúrò lójú ọ̀nà. Àmì ewu tí awakọ̀ ní láyé ìgbà yẹn kò ju ewé lọ: ẹ ó gé ẹ̀ka igi tútù, ẹ ó tò ó sójú títì láti òkèèrè, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé nǹkan wà níwájú. Iṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ni. Mo ti mú àdá. Alhaji gbà á lọ́wọ́ mi.

"Bọ́ sábẹ́ ọkọ̀," ó ní. "Ojú rẹ dá ju tèmi lọ. Èmi ni n ó lọ to ewé."

Mo wà lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọkọ̀ kan tó ń bọ̀. Etí tó kọ́ mi náà ló sọ fún mi pé eré rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo pariwo, "Alhaji!" Mo gbọ́ igbe táyà lórí ọ̀dà. Mo gbọ́ ohun kan. Lẹ́yìn náà, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́.

Ẹni tó wa ọkọ̀ náà kì í ṣe èèyàn burúkú, kò sì mutí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ibi ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ: "Mo kàn fẹ́ tètè dé ni. Mo kàn fẹ́ tètè dé ni." Ẹ̀ka igi kan ṣì wà lọ́wọ́ Alhaji.

A sin ín sí Makun. Obì inú ọkọ̀ gbóná, ó bàjẹ́ tán, kò sì sẹ́ni tó tilẹ̀ mẹ́nu kàn án.

Mo bá àwọn ọmọ rẹ̀ wa lọ́rì náà fún ọdún púpọ̀ sí i. Nígbà tó yá, àwọn tírélà ńláńlá gba ọ̀nà Kánò, ẹ̀yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ìyàwó mi ló gbọ́ pé dókítà obìnrin kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ń wá awakọ̀ tó dàgbà. Mo lọ. Dókítà Morẹ́nikẹ́ ni. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ìgbẹ̀bí sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n gbé òun lọ sí Ìpẹ̀rú, kí n gbé òun bọ̀. Kò sọ nǹkan kan lọ́nà. Nígbà tí a padà dé, mo rí i pé ó ti sùn lọ. Ó jí, ó nu ojú, ó ní, "Ràsákì, n kì í sùn nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Máa bọ̀ lọ́la."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Yàtọ̀ sí ilé ìwòsàn tirẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ó tún ń ran ilé ìgbẹ̀bí kan lọ́wọ́ ní apá Ìjẹ̀bú-Òde. Bí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bá ní ìṣòro tó ju agbára wọn lọ, wọn á pè é lórí fóònù, a ó gba Ìlíṣàn bọ́ sí márosẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ eré ti wọ inú iṣẹ́ mi.

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti sọ fún yín bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá wà lẹ́yìn yín, tí ó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí ẹ ń gbọ́ tí ó ń sọ pé, "Ẹ máa tẹ ilé ọmọ rẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀, mo ń bọ̀," tí ó wá yíjú sí yín, tí ó ní, "Ràsákì, jọ̀ọ́, tẹ̀ ẹ́," kí ni ẹ ó ṣe? Obì lè ní ká má dúró. Obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ní ká sáré. Mo ń sáré.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wà lórí márosẹ̀ náà pẹ̀lú ẹ̀rọ réédà, ohun kan tó rí bí ìbọn, tí wọ́n ń nà sí ọkọ̀ láti mọ bó ṣe ń sáré tó. Wọ́n mú mi, wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Wọ́n tún mú mi. Dókítà ń sanwó rẹ̀ láìkùn, ṣùgbọ́n láísẹ́nsì tèmi ni wọ́n ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ náà sí. Ọ̀kan nínú wọn kìlọ̀ fún mi pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, wọn á gba láísẹ́nsì náà. Awakọ̀ tí kò ní láísẹ́nsì, kí ló kù tí ó ń jẹ́? Mo sọ fún dókítà.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà lókè òkun ló sọ fún un pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀, tó máa ń gbọ́ réédà láti òkèèrè, tí yóò sì dún kí ẹni tó ń wakọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ká lọ rà á. A lọ bá ọkùnrin kan ní Ṣàgámù tó ń ta rédíò ọkọ̀ àti oríṣiríṣi ohun ọ̀ṣọ́ inú mọ́tò. Ó gbé ẹ̀rọ náà jáde. Kò tóbi ju páálí ìṣáná ńlá lọ.

Dókítà yí i lọ́wọ́, ó wò ó bí ìgbà tí ó ń wo ọmọ tuntun. Ó bi í pé, "Ṣé kì í purọ́?"

Ọkùnrin náà họ orí. "Mọ́mì, kì í purọ́ o. Ṣùgbọ́n ó máa ń já ara rẹ̀ láyà."

Ohun tó ní lọ́kàn yé wa lójú ẹsẹ̀ tí a tan án. Bí a ṣe ń kọjá níwájú báńkì kan, ẹ̀rọ náà figbe ta: pí-pí-pí-pí! Mo tẹ búréèkì. Kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀. Ilẹ̀kùn báńkì tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ ló rí tó rò pé réédà ni. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Alámí wa ń bẹ̀rù ilẹ̀kùn." Alámí ni a ń pè é láti ọjọ́ náà.

Mo bi í lọ́jọ́ yẹn pé, "Mọ́mì, bí kò bá wá dún ńkọ́?"

"Bí kò bá dún, a jẹ́ pé kò séwu."

Ojú Alhaji ni mo rí, ṣùgbọ́n n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ẹni tó ra nǹkan nítorí láísẹ́nsì mi ni, nítorí àwọn aláboyún ni. Báwo ni n ó ṣe gbé òkú ọ̀gá mi kalẹ̀ sí àárín irú inú rere bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Yóò dún, n ó dẹ eré, a ó kọjá àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n ó tún tẹ̀ ẹ́. Wọn kò já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa mọ́. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí ohun kan. Etí tí mo fi ń gbọ́ ọkọ̀, tí mo fi ń gbọ́ ọ̀nà, Alámí ti gbà á. Dókítà náà rí i. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ràsákì, o kì í sọ̀rọ̀ mọ́ bí o bá ń wakọ̀." Mo ní, "Mọ́mì, mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ni."

Ọ̀sán ọjọ́ kan lásìkò òjò, fóònù dún. Aláboyún kan ti bí ní apá Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Ibẹ̀ kò ní irú ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu. Dókítà kó ẹ̀jẹ̀ sínú kúlà kékeré, ó gbé e lé itan, ó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. A bọ́ sí márosẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, títì ń dán. Alámí dákẹ́ rọ́rọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí n kò tẹ̀ ẹ́ dé rí.

Ní ibi kan tí ọ̀nà ti fẹ́ ya kọ́nà, mo rí ẹ̀ka igi kan lójú títì. Lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn. Ewé tútù yọ̀yọ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò ronú. Ẹsẹ̀ mi ti kúrò lórí irin tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré kí ọkàn mi tó mọ ohun tí mo rí.

Dókítà gbé ojú sókè. "Kí ló dé? Alámí kò dún."

"Ewé ni, Mọ́mì. Ewé wà lójú ọ̀nà."

"Rọra, nígbà náà. Ìwọ lo wà nídìí síárìn."

A ya kọ́nà náà. Táńkà epo kan dùbúlẹ̀ gbalaja dí ọ̀nà, epo ń ṣàn lọ sínú kòtò. Àwọn èèyàn ń sá sínú igbó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí réédà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá wọn ló dúró ní àárín títì gan-an, ẹ̀ka igi lọ́wọ́, tí ó ń fì í sókè sódò láti dá ọkọ̀ dúró. Mo dúró níwájú rẹ̀. Àyè tó kù láàárín wa kò tó ibi tí ènìyàn lè tẹ́ ẹní sí.

Mo pa ẹ́ńjìnnì, ojú mi kò kúrò lára ẹ̀ka igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkùnrin tó ti ń hewú ni, Fẹ́mi ni orúkọ rẹ̀, a gbọ́ ọ nígbẹ̀yìn. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ rọra." Bẹ́ẹ̀ ló rí Alámí lára gíláàsì. Ó wò ó, ó tún wò mí. "Kí ni èyí?"

Kí n tó la ẹnu, dókítà ti dáhùn. "Ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ẹ bá wà fún wa ni. Èmi ni mo rà á, kì í ṣe òun. Dókítà ni mí. Ẹ̀jẹ̀ ló wà lórí itan mi yìí, ìyá ọmọ kan ń dúró dè é ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọjá, ẹ ó fìyà jẹ mí lọ́la."

Ó wo kúlà. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Mọ́mì, àwa lẹ ń sá fún látọjọ́ yìí? Nígbà tó jẹ́ pé àwa ló yẹ kí ẹ pè?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ wọn, ó tan fèrè rẹ̀, ó kọjú sí ọwọ́ kejì títì, ó sì ń dá àwọn tó ń bọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ẹni ń la omi. A tẹ̀ lé e. Nígbà tí a kọjá táńkà náà, a padà sí ọwọ́ tiwa, ó sì wà níwájú wa títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Kò sáré àsápajúdé o. Ọ̀nà kàn là níwájú rẹ̀ ni.

Dókítà wọlé. Èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi jókòó sórí bẹ́ńṣì níta. Ó ra omi fún mi. Ó ní, "Bàbá, ọwọ́ mi lẹ ń wò láti ìgbà tí a ti jókòó. Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo sọ fún un. Mo sọ nípa ọyẹ́, nípa àdá tí Alhaji gbà lọ́wọ́ mi, nípa ẹ̀ka igi tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé bí ó ṣe dúró sójú títì lónìí, bí ọ̀gá mi ṣe dúró nìyẹn. Ó yọ fìlà orí rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, ó sì jókòó tì mí.

Nígbà tí oòrùn ń lọ sílé, dókítà jáde. Ó rẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá wà láyé. Ọmọ ń ké." Ó jókòó láàárín wa, ó sì gba omi tó kù lọ́wọ́ mi mu.

Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi fún wa ní nọ́ńbà rẹ̀, ó sì lọ. Lójú ọ̀nà àbọ̀, dókítà ní, "Mo gbọ́ ohun tí ò ń sọ fún un láti ojú fèrèsé. Ọdún mélòó ni a ti jọ wà? Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Mo ní, "Mọ́mì, àwọn aláboyún kò lè dúró."

Nígbà tí a dé Ìlíṣàn, ó na ọwọ́ síwájú, ó fa okùn Alámí yọ, ó já a kúrò lára gíláàsì, ó sì tì í sínú àpò rẹ̀. N kò bèèrè ibi tó gbé e sí.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Kò kàn sọ fún mi pé kí n má sáré mọ́. Ó lọ ra fìríìjì fún ilé ìgbẹ̀bí náà kí ẹ̀jẹ̀ lè máa wà níbẹ̀. Ó ń lọ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ní kí wọ́n pe òun nígbà tí nǹkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí, kí wọ́n má dúró di ìgbà tó bá ti yí tán. Bí ó bá di dandan, a ó pe Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi. Díẹ̀díẹ̀, eré kúrò nínú iṣẹ́ wa. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ẹni tó bá ń sáré lójú ọ̀nà, inú ilé ló ti pẹ́.

Lónìí, fóònù ló ń darí àwọn awakọ̀. Yóò sọ ibi tí gosiló wà, yóò sọ ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ wà, yóò sọ ìṣẹ́jú tí ẹ ó fi dé. N kò bá a jà. Èmi náà lò ó kí n tó fẹ̀yìn tì, ó sì dára. Ọkọ̀ ìgbàlódé ń dún bí ẹ bá sún mọ́ ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn, ó ń dún bí ẹ kò bá de bẹ́líìtì. Ẹ máa lò wọ́n. Ṣùgbọ́n igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ojú ni wọ́n sì sọ pé kó máa wò ó, wọn kò sọ pé ẹ̀rọ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ wá ọ̀gá tí yóò lè já yín kalẹ̀ lójú ọ̀nà bí ẹ bá ṣìṣe. Ẹ má wá èyí tí yóò tètè gbé síárìn lé yín lọ́wọ́.

Ṣé iṣẹ́ gidi ni? Mo ti gbé obì tó dé ọjà ní tútù. Mo ti gbé ẹ̀jẹ̀ tó dé ara ìyá ọlọ́mọ. N kò mọ ohun tí a tún ń pè ní iṣẹ́.

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo fọ ọkọ̀, mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún dókítà. Òun náà ti di arúgbó, ilé ìwòsàn ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí òun máa ń jókòó sí, ó ní, "Alàgbà Ràsákì, ẹ wọlé." Mo ní kí ni? Ó ní, "Èmi ni n ó gbé yín lọ sí Ibido lónìí. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Gbogbo ọdún tí mo fi bá a ṣiṣẹ́, kò pè mí ní ẹ̀yin rí. Mo wọlé. N kò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe níbẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ náà, ó sì rọra ń wà á jáde kúrò ní Ìkẹ́nnẹ́, ó rọra débi pé ọ̀kadà kọjá wa, kẹ̀kẹ́ Márúwá kọjá wa, bàbá arúgbó kan tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere sì bá wa dọ́gba, ó kí wa, ó tún kọjá lọ. Mo fara dà á títí ó fi sú mi.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

Ó wò mí nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ń lé wa?" ó ní.